Ọdún Wo Ni Ẹgbẹ́ Òmùwẹ̀ Ìlú Wa Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ ìlú wa, ìlú kékeré kan létí odò ní Rẹ́mọ. A fẹ́ kọ ìtàn ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ tí àwọn bàbá wa dá sílẹ̀ sínú ìwé ètò ọdún yìí. Fọ́tò kan péré ló wà lọ́wọ́ wa: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé, ife kan wà nílẹ̀ níwájú wọn. Àgbà kan ní ẹgbẹ́ náà ti wà kí Òyìnbó tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ẹnìkejì ní ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá ni. Ẹnìkẹta ní ẹ̀yìn òmìnira ni, pé òun wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn wẹ ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 48. Àwọn kan sì ní kò yẹ ká pè wọ́n ní ẹgbẹ́ aláìgbowó rárá, torí wọ́n máa ń gba ẹ̀bùn. Bí a bá béèrè ohun tó tú ẹgbẹ́ náà ká, kálukú á yí ọ̀rọ̀ padà. Èwo ni ká kọ, sà?"

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo ka lẹ́tà yín dáadáa, mo sì rí i pé kì í ṣe ọdún nìkan ló ń dà yín láàmú. Ohun tó ń dẹ́rù bà yín ni pé bí ẹ bá fi ọdún kan sínú ìwé, ẹ ti pe àgbà méjì ní òpùrọ́ lójú gbogbo ìlú, ọjọ́ ìlú á wá di ọjọ́ ìjà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi jẹun, eré ìdárayá ni wọ́n sì máa ń gbé lé mi lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn ìlú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ a máa pè mí sídìí irú ìwé ìtàn báyìí. Gbogbo ibi tí mo ti bá ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ pàdé ni mo ti bá àríyànjiyàn yìí, ohun kan náà ló sì máa ń fà á. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọjá nínú omi kan náà, àgbà kọ̀ọ̀kan sì ń ròyìn èyí tí ojú tirẹ̀ tàbí ti bàbá rẹ̀ rí. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tó ní ẹgbẹ́ náà ti wà kí Òyìnbó tó dé. Oṣù May 1892 ni Òyìnbó gbógun wọ Ìjẹ̀bú, etí odò Yemọji ni ìjà náà sì ti le jù lọ, ní ọjọ́ 19 oṣù yẹn, torí odò náà ni àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú fi ṣe odi. Nígbà tí bàbá yìí bá fi ogun yẹn ṣe àmì, ohun tó ń sọ ni pé àwọn ọmọ etí odò ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wọn. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ pọnmi, bí wọ́n bá sì ti gbé ìkòkò kalẹ̀, inú omi ni wọ́n ń wọ̀. Ẹ̀gbọ́n á so akèrègbè mọ́ àyà àbúrò, á tì í síbi tí omi ò ti kọjá ìbàdí, tó bá di ọjọ́ díẹ̀ á tú akèrègbè náà kúrò láìsọ fún un. Ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà ni wọ́n jọ ń ṣe é, àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún kan sí mẹ́ta: wọ́n á ju òkúta funfun sínú ibú, wọ́n á ní kí ẹni tó bá gbójú yọ ọ́ wá. Wọ́n ní olórí, wọ́n ní ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ojo, wọ́n ní ọjọ́ tí wọn kì í débẹ̀ torí pé odò ní ẹni tó ń bọ ọ́. Àwọn ọmọbìnrin náà ń wẹ̀, ní ìhà tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi àwọn ọkùnrin sẹ́yìn. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé yín, torí pé nínú fọ́tò àti nínú ìwé owó tí akápò ẹgbẹ́ ń kọ, ẹ ò ní rí obìnrin kankan. Àmọ́ èyí kọ́ ni ẹgbẹ́ tó ní ife.

Ìkejì ni ti ilé ìwé. Ọbabìnrin Elizabeth gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù January 1956, ó sì padà sílé láàárín oṣù February. Ẹni tó bá rántí ọdún yẹn lónìí, ọmọ ilé ìwé ni nígbà náà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti fún un ní àsíá kékeré kan láti jù. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní January 1955, ni ìjọba Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ yín níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ọmọ ya bo ilé ìwé, tíṣà tuntun ya wọ ìlú kéékèèké, lára wọn sì ni àwọn tó ti ṣe eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Rẹ́mọ Sẹ́kọ́ńdìrì ní Ṣágámù ti wà láti 1946, Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ dé ní 1956, àwọn ilé ìwé wọ̀nyí sì ti sọ ìdíje láàárín ilé kan sí ìkejì di àṣà. Irú tíṣà bẹ́ẹ̀ ló máa ń dé ìlú etí odò, tí á wo bí àwọn ọmọ ṣe ń wẹ̀, tí á sì fi fèrè àti aago sí i. Ní ọjọ́ 24 oṣù May, tí wọ́n máa ń ṣe Empire Day, àjọ̀dún ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, kí òmìnira tó dé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan tán, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò láti díje. Bàbá kejì yín, ohun tó rí nìyẹn. Àléébù irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀ wà: lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé tíṣà yẹn lọ sílé ìwé mìíràn, odò á padà di ti àwọn tó ń pọnmi. Ọdún mélòó kan lè kọjá kí ẹlòmíràn tó gbé e dìde, ẹni yẹn á sì gbà pé òun gan-an ló dá a sílẹ̀.

Ìkẹta ni ẹgbẹ́ gan-an: ẹgbẹ́ tó ní káàdì, alága, akọ̀wé, akápò àti owó oṣooṣù. Àwọn tíṣà, akọ̀wé kóòtù, kápẹ́ńtà, télọ̀ àti ọmọ oníṣòwò ló sábà máa ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ti gba owó oṣù tàbí tó ti gba òmìnira iṣẹ́, tí wọ́n sì ní ọjọ́ Sátidé fún ara wọn. Bí bàbá kẹta bá sọ pé òun wà níbẹ̀, ẹ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè iye tó ń san. Mi ò mọ ìbéèrè tó dáa tó èyí. Àgbàlagbà lè gbàgbé ọdún, kì í gbàgbé owó tó dùn ún láti san. Bó bá ní tọ́rọ́, tàbí sísì, tàbí ṣílè kan, ó jọ pé ẹgbẹ́ yín ti wà ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù January 1973 tí a pa pọ́n-ùn tì tí a bọ́ sórí náírà. Bó bá ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ẹ tún bi í bóyá ṣílè kan ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, torí iye kan náà ni: pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá.

Mo ti di ọ̀kan nínú irú ìwé owó bẹ́ẹ̀ mú, ti ìlú kan lápá Ẹ̀pẹ́. Ìwé ilé ìwé lásán ni, ikán ti mú igun rẹ̀ kan lọ, tàdáwà búlúù inú rẹ̀ sì ti ràn láti ojú ìwé kan sí èkejì. Lábẹ́ ọjọ́ ìdíje kan, wọ́n kọ ọ́ báyìí: okùn, 4/6 (ṣílè mẹ́rin àti sísì), garawa òfìfo mẹ́fà, 3/- (ṣílè mẹ́ta), epo láńtánì, 9d (pẹ́ńì mẹ́sàn-án), tábà fún ọlọ́kọ̀, 1/- (ṣílè kan). Mo jókòó ti ìlà mẹ́rin yẹn fún ìgbà pípẹ́. Garawa òfìfo ni wọ́n so mọ́ okùn kó lè léfòó, kí òmùwẹ̀ kan má baà wọ ojú ọ̀nà ẹnìkejì. Epo láńtánì fi hàn pé ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó ka owó àwọn tó wá wòran tán. Ti tábà yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló wà níwájú ìwé náà, pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tó dúró láàárín odò láti yọ ẹni tó bá rẹ̀, tábà nìkan ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí, torí òun ni ìtàn yín á fi níyì tàbí kó bà jẹ́. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ máa ń rántí àwọn tó mọ̀wé ju àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ. Ní gbogbo etí odò àti etí ọ̀sà wa, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀jìnrìn, Ẹ̀pẹ́ àti Mákùn-Omi, àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ló mọ omi jù, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, Ìjọ́ tàbí Ègùn tó wá tẹ̀dó. Àwọn ọmọ wọn ni àwọn ọmọ tíṣà ń wò kọ́ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ oníkáàdì dé, wọn ò ní ṣílè kan tí wọ́n á máa san lóṣù, wọn ò sì ní aṣọ funfun tí wọ́n á wọ̀ wá sípàdé. Ẹ padà lọ wo fọ́tò yín. Ẹ má wo ife, ẹ wo etí fọ́tò náà. Bí ẹnì kan bá wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn, tàbí tó di àjẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ kan tí kò sì to pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ yí fọ́tò náà padà pẹ̀lú: àwọn ayàwòrán ìgbà yẹn máa ń tẹ òǹtẹ̀ àti àdírẹ́sì wọn sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ìlú mọ ìgbà tí ayàwòrán kọ̀ọ̀kan ṣí ṣọ́ọ̀bù àti ìgbà tó kú. Bí ife náà bá ṣì wà nílé ẹnì kan, ẹ bá a fi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ nù ún jẹ́jẹ́, ó lè jẹ́ pé wọ́n fín ọdún sí i lára.

Ní ti ìṣẹ́jú àáyá 48, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kò tíì sí ẹni tó wẹ ọgọ́rùn-ún mítà lábẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 50 láyé yìí, nínú àkọsílẹ̀ ìdíje àgbáyé, títí di 1976, nígbà tí Jim Montgomery, ará Amẹ́ríkà, ṣe é ní 49.99 ní Òlíńpíìkì Montreal, èyí tí Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ̀ tí wọn ò lọ. Ní Melbourne 1956, 55.4 ni Jon Henricks fi gba góòlù. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé yín pé ọmọ Rẹ́mọ ti ṣe 48 ṣáájú àwọn wọ̀nyí á rẹ́rìn-ín, kò sì ní gba ìyókù ìwé náà gbọ́ mọ́. Síbẹ̀ mi ò rò pé irọ́ ni. Odò ń ṣàn. Ká ní òmùwẹ̀ kan lè wẹ mítà kan àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi tó dákẹ́, ọgọ́rùn-ún mítà á gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 67. Ká ní odò náà fúnra rẹ̀ ń lọ ní ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá, tó sì ń gbé e lọ, ó di mítà méjì, ó sì máa débẹ̀ ní 50. Bó bá wá jẹ́ pé yáàdì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, bí ó ti sábà máa ń rí kí á tó bọ́ sórí mítà, ọgọ́rùn-ún yáàdì ò ju mítà 91.44 lọ, èyí tó máa gbà á ní nǹkan bí 46. Nítorí náà 48 ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ kọ pé: "láti etí afárá dé ìdí igi báyìí, ní ìsàlẹ̀ odò, lójú aago tíṣà báyìí." Ìyẹn ò bu ọkùnrin náà kù, ó tilẹ̀ jẹ́ kí èèyàn rí i nínú omi. Àwọn ọmọ ìlú sì lè lọ wẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n fi wéra.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ò tó ìjà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó òfin aláìgbowó wá, ti ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ wọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1869, FINA, àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1908, sì gbé e ká gbogbo ayé nígbà náà: ẹni tó bá fi ìlúwẹ̀ẹ́ gbowó, ì báà jẹ́ owó ìdíje tàbí owó pé ó ń kọ́ ènìyàn, kò gbọdọ̀ bá àwọn yòókù díje mọ́. Òfin náà le débi pé Mark Spitz, tó gba góòlù méje ní Munich 1972, kò ní lè padà wá sí Òlíńpíìkì tó tẹ̀ lé e ká ní ó fẹ́, torí ó ti gba owó ìpolówó ọjà. Bí ẹ bá fi irin yẹn wọn ìlú yín, kò sẹ́ni tó máa yege. Ohun tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gba ipò kìíní nílẹ̀ wa ni abọ́ tánńganran, táwẹ̀lì, aṣọ ọ̀pá mẹ́ta, nígbà mìíràn ṣílè márùn-ún láti ọwọ́ olóṣèlú tó wá gbàyì. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn bọ́ ìyàwó. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ni pé ta ló ń san owó fún ta. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ń san owó kí ẹgbẹ́ lè dúró, aláìgbowó ni wọ́n. Àwọn tó gbowó níbẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ àti onílù.

Ohun tó tú irú ẹgbẹ́ yìí ká ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ẹnu gbogbo ènìyàn máa ń lọ sórí ohun kan ṣoṣo. Ìdí àkọ́kọ́, tí kò sẹ́ni tó kà á sí, ni omi ẹ̀rọ. Nígbà tí kànga pọ̀, tí ẹ̀rọ omi sì dé ojúde, ọmọ ò ní ìdí láti lọ sódò ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́, èmi náà bá a dúpẹ́. Àmọ́ ìrìn àjò ìkòkò yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ tí ẹgbẹ́ ti ń rí ọmọ tuntun gbà, kò sì sẹ́ni tó fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Láàárín ogún ọdún, ìlú tí gbogbo ọmọ ti ń wẹ̀ lè di ìlú tí ọmọ mẹ́wàá péré ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè ìgbà tí ẹ̀rọ omi dé àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọdún yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ọdún tí ìpàdé ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo.

Ìdí kejì, pápá ìṣeré ńlá Súrùlérè ṣí ní 1972, pẹ̀lú púùlù tó péye. Ní January 1973 ni wọ́n ṣe eré gbogbo Áfíríkà níbẹ̀, ọdún yẹn kan náà ni ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà àkọ́kọ́ wáyé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ìpínlẹ̀ mú òun, àkókò tó wẹ̀ nínú púùlù ni wọ́n ń béèrè, àádọ́ta mítà láti ògiri dé ògiri. Ọmọ odò tí kò fẹsẹ̀ ta ògiri rí, ibi tí wọ́n ti ń yípo ni wọ́n ti máa ń fi í sílẹ̀. Mo ti mú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ: lápá lágbára, lẹ́mìí gígùn, ṣùgbọ́n orí wọn á wà lókè omi bí ti ajá, torí inú odò, o gbọ́dọ̀ rí ohun tó ń bọ̀. Ọmọ tó bá padà wálé pẹ̀lú ìtìjú ò ní sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó lọ. Ẹ tún fi ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kún un, tó ṣí ní 1978. Rẹ́mọ wá di ìtòsí Èkó, ọ̀dọ́ tó ń ṣe akápò lọ́jọ́ Sátidé ti wà ní Mushin tàbí Ìkẹjà, ọjọ́ òkú nìkan ló ń rí i wálé.  

Òṣèlú ńkọ́? Ó ṣeé ṣe. Bí ẹgbẹ́ yín bá wà láàárín 1962 sí 1966, ẹ fi ọgbọ́n béèrè bóyá Ọlọ́pẹ (ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀) àti Dẹ́mọ̀ (ti Akíntọ́lá) pín wọn. Láàárín àwọn ọdún yẹn, ènìyàn méjì tó jọ ń tukọ̀ lè má kí ara wọn mọ́, àwọn tó sun ilé ara wọn nígbà wẹ́tíẹ̀ ṣì ní ọmọ nínú ìgbìmọ̀ yín lónìí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń yí padà.

Ìdí kejì tí ọ̀rọ̀ fi máa ń yí padà ni ikú. Òmùwẹ̀ ní í bódò lọ. Mi ò mọ ẹgbẹ́ odò kan tó pẹ́ tí omi ò gba ẹnì kan lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìdíje tàbí ní ọjọ́ lásán, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ kú, bí ìpàdé tilẹ̀ ń lọ fún ọdún méjì sí i. Àwọn kan á ní odò bínú. Ohun tí èmi rí ni pé iyanrìn ìsàlẹ̀ odò máa ń ṣí kúrò lẹ́yìn òjò ńlá, ibi tí ọmọ ti bẹ́ sódò ní oṣù March tó jìn tó ìdúró ènìyàn méjì lè má ju orúnkún lọ ní November; igi tó wó sínú omi lókè odò a sì máa wá dúró síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Láti July dé October, omi máa ń yára ju bí ojú ṣe rí i lọ. Àwọn olódò tó ń dá ọjọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀, mi ò ní bá wọn jiyàn. Àwọn ẹgbẹ́ tó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu kì í sábà sí nínú omi nígbà tó burú.

Bí ẹ bá fura pé ẹnì kan bómi lọ, ẹ má lọ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, torí ẹni tí odò bá gbé, etí odò ni wọ́n ń sin ín sí, ọwọ́ àwọn olódò sì ni ètùtù rẹ̀ wà. Ẹ má béèrè níwájú èrò. Ẹ lọ bá àgbà kan ṣoṣo nílé rẹ̀, ẹ má sì béèrè ẹni tó kú. Ẹ béèrè pé ta ló ní kí wọ́n dá ìdíje dúró, ẹ wá pa ẹnu mọ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹbí. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí wọn ò bá gbà, ẹ kọ pé omi gba ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí ó parí síbẹ̀. Ohun tí mi ò lè bá yín lọ́wọ́ sí ni kẹ́ ẹ fò ó dá. Ìwé tó bá sọ pé ẹgbẹ́ kan kàn ṣàdédé túká, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa mọ̀ pé ẹ ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ọdún tẹ́ ẹ máa tẹ̀ jáde. Ẹ lè mú ọdún tó pẹ́ jù, kí ìlú lè yangàn; ìlú tó wà lápá kejì odò á béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ yín. Ẹ lè mú ti ìwé owó nìkan bí ẹ bá rí i. Ìyẹn ló dájú jù, ṣùgbọ́n yóò gé tíṣà àti àwọn ọmọ olómi kúrò nínú ìtàn. Ohun tí èmi máa ṣe ni kí n má fi ọdún kankan sí orí ìwé. Mo máa sọ ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n fi orúkọ àgbà tó sọ ọ́ síbẹ̀, kí àgbà kọ̀ọ̀kan rí ti tirẹ̀ nígbà tó bá ṣí ìwé. Ọdún á wá bọ́ sí ibi tí ẹ̀rí wà. Ó lè má dùn mọ́ alága yín nínú, torí alága máa ń fẹ́ kí a ṣe ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún tàbí àádọ́rin ọdún. Ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ní ti ìwé, ẹ ránṣẹ́ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, inú ọgbà Yunifásítì ló wà. Ẹ béèrè àwọn fáìlì tí wọ́n ń pè ní Ije Prof, ti ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú ayé Òyìnbó. Abẹ́ ìpínlẹ̀ yẹn ni Rẹ́mọ wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín náà wà. Ẹ má retí púpọ̀ níbẹ̀. Òyìnbó kì í kọ nípa ọ̀dọ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́ àfi tí ẹnì kan bá kú tàbí tí wọ́n bá tọrọ ilẹ̀. Ìwé ìròyìn dára jù, Tribune láti 1949 àti Ìròyìn Yorùbá láti 1945, pàápàá ọ̀sẹ̀ Àjíǹde àti ti Kérésìmesì tí ìdíje pọ̀.

Èyí tó kù ni ìwé owó, òun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má wá a lọ sílé alága, alága kì í tọ́jú nǹkan. Ẹ wá a lọ sílé akápò, bó bá sì ti kú, ẹ lọ bá ìyàwó rẹ̀, torí àwọn opó máa ń tọ́jú ìwé tí ọkọ wọn fi ń bá wọn jà. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fi ọ̀rá dì í, ẹ má sì gbé e kúrò nílé náà. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lójú oòrùn òwúrọ̀, títí kan àwọn tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya inú èpo ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè sí.